Èèpo Ọ̀dà Lẹ́nu Ọmọ

Ọ̀dà àtijọ́ a máa dùn díẹ̀ lẹ́nu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé eruku rẹ̀ bo ètè mi fún odidi ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń ha ògiri yàrá àlejò nílé ọkọ mi ní Manigri. Ìyàwó ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Kútọnu ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọdún Iléyá nìkan ló máa ń gbé e wá sílé, mo sì fẹ́ kó bá yàrá náà ní tuntun. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kun ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé nígbà tó kọ́lé. Ó ti ń bó lára ògiri bí awọ ejò.

Ìyá ọkọ mi ní kí n dúró de akunlé kan ní Bassila, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo dá a lóhùn pé ògiri kì í ṣe ajá tó ń bu èèyàn jẹ. Àwọn àgbà ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún; èmi rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń pa òwe náà fún. Mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu, mo ń ha ògiri ní gbígbẹ, eruku ń gba inú yàrá bí èéfín, ọmọ mi ń ṣeré nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, akunlé náà gbé ọ̀dà tuntun tí mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi rà wá. Bàbá àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Ìyàwó wa, kí ló wà lẹ́nu ọmọ yẹn?”

Mo yíjú. Èèpo ọ̀dà ni ọmọ mi ń jẹ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, itọ́ aláwọ̀ ewé ń kán sí i láyà.

“Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́?”

“N kò mọ̀, Bàbá.”

“Fọ ẹnu rẹ̀, fọ ọwọ́ rẹ̀, kí o gbé e lọ fún dókítà. Òjé wà nínú ọ̀dà ìgbà tí a ń kọ́ṣẹ́. Omi la fi ń rin ògiri bẹ́ẹ̀ ká tó ha á, ọmọdé kì í sì í sí nítòsí. Òjé kì í pariwo, ìyàwó wa. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, a sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.”

Díẹ̀ ni mo rántí nínú ìrìn àjò náà. Onízémì kan gbé wa lórí alùpùpù rẹ̀ lọ sí Bassila, mo pọn ọmọ, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn, àyà mi á já. Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, kí a lọ máa retí èsì.

Ìyá ọkọ mi ti yàrá náà pa, ó kó wa lọ sílé àbúrò rẹ̀. Bí ọmọ bá sunkún, mo ní òjé ló ń run ún nínú. Bí kò bá sunkún, mo ní òjé ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í pé níbo ni imú rẹ̀ wà, níbo ni etí rẹ̀ wà, títí ó fi sú u, tó fi ọwọ́ gbá mi lójú. Bí ọkọ mi bá sì pè, màá ní àlàáfíà la wà.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ọmọ rẹ jẹ ọ̀dà ara ògiri,” ló wí fún un. “Èmi ni mo ní kí wọ́n ha á. Má bá ìyàwó rẹ jà.”

Ó dá fóònù padà fún mi, ó padà sídìí kajú tó ń ṣà. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ní òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì tó ohun tí a ń lo oògùn sí. Kí a gbé e jìnnà sí eruku náà, kí a sì padà wá fún àyẹ̀wò. Mo bi í bóyá ó ti ba nǹkan jẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Akunlé wá parí iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀: ó di imú, ó fi omi rin ògiri, ó kó gbogbo èèpo sínú àpò, ó dì í pa. Àyẹ̀wò kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó ń jà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ka ìwé Faransé sókè fún ìyá bàbá rẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rán an ní iyọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Ìyá, kí lẹ ní kí n rà?”

Gbogbo ọmọ ló máa ń gbàgbé ohun tí a bá rán wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní iyọ̀ ni, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mò ń wo ojú ọ̀nà títí ó fi gbé e dé.