Yàrá Ìjẹun Tí Màmá Fúnmi Wọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ìyá Olúfúnmiláyọ̀, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbọgbẹ́. Màmá Fúnmi, ọ̀rẹ́ mi, ẹ sùn-un re.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Toronto, ohun tí ojú mi rí ní Woodbridge nìyí, nígbà òtútù tó ṣáájú kòrónà. Ilé ìkẹ́rùsí la ti ń ṣiṣẹ́: èmi, Màmá Fúnmi, Rísíkátù, Blessing ọmọ Benin, àti Desmond ará Jàmáíkà. Yàrá ìjẹun kan wà níbẹ̀ tó móoru dáadáa, àwọn òyìnbó ló ń jẹun níbẹ̀. Àwa dúdú, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń já ẹrù la ti ń jẹ tiwa, tàwa ti ìbọ̀wọ́. Kò sí àkọlé lára ilẹ̀kùn. Ẹnu ni Walter, ọ̀gá wa, fi sọ ọ́ fún Màmá Fúnmi pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Fúnmi gbé abọ́ ìrẹsì wọn, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. A tẹ̀ lé wọn. Walter ní ká dìde. Màmá Fúnmi ní, "Ẹ jẹ́ n jẹun tán ná." Kílẹ̀ tó ṣú, ilé-iṣẹ́ ti lé wọn.

A pẹjọ́. Iṣẹ́ wọn ni Màmá Fúnmi ń fẹ́ gbà padà, àti kí Walter tọrọ àforíjì. Òfin ẹnu lásán ni, nítorí náà ẹnu wọn nìkan ni ẹ̀rí wa. Yorùbá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ bi wọ́n pé ta ló sọ ọ́.

"Wọ́n sọ ọ́ fún mi lójúkojú."

"Àwọn wo?"

"Àwọn bàbá yẹn náà ni."

Walter nìkan ni wọ́n ń bá wí o. Màmá Fúnmi kì í pe àgbà lórúkọ, wọn kì í sì í sọ pé "ó". Ògbufọ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbí, túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ bàbá. Lọ́yà ní ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, obìnrin yìí ò mọ ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀. Mo nawọ́. Wọ́n ní kí n jókòó.

Ìdájọ́ dé: kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa jẹun nínú yàrá kan náà. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹni dá lẹ́bi. Iṣẹ́ lọ, àforíjì lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ lọ sílé, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè é ní 'ó'?"

"Àgbàlagbà? Ẹ ò rí ewú orí wọn ni?"

"Ewú òyìnbó lẹ fi ń ka ọjọ́ orí? Àbúrò yín ni. Ó sọ ọjọ́ orí ẹ̀ níwájú gbogbo wa ní kóòtù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, omi náà ò sì dá mọ́. "Màmá Ṣadé, ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Wọn ò ríṣẹ́ gidi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lónìí, ọmọ Rísíkátù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti ń jẹun. A jèrè ìyẹn. Ó ní àwọn dúdú ṣì ń jókòó sí tábìlì tiwọn, àwọn òyìnbó sí tiwọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ ẹ̀ mọ́. Èyí ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí Màmá Fúnmi kú, mo ránṣẹ́ sí Walter. Kò fèsì.

Ọjọ́ Sátidé la sin wọ́n, ní Scarborough.