Ẹrẹ̀ Youpwè

Màmá mi kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ Youpwè wọ ilé wa ní Kotto. Etí omi níbẹ̀, níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹja, ni Màmá ti ń ta ẹja láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà, omi àti ọṣẹ ló kù. Mo mọ iye pàṣán tí mo jẹ ní kékeré nítorí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí, torí òun ló fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún ẹja gún Màmá lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré la pè é. Ó wú, ó sì ń rà. Dókítà fún wọn ní oògùn kan, ó fún wọn ní òmíràn tó le jù ú lọ, ó gún wọn lábẹ́rẹ́. Kòkòrò inú ọgbẹ́ náà kò tilẹ̀ kọbi ara sí ìkankan. Dókítà ní bí kò bá yí padà, òun máa gé ìka ẹsẹ̀ méjì. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Bẹ́ẹ̀, irú kòkòrò yẹn gan-an niṣẹ́ mi o! Oògùn tuntun là ń wá ní yàrá ìwádìí wa. Àwọn bakitéríà kan ń gbé inú ẹrẹ̀ òkun tó máa ń pèsè oró láti fi lé ọ̀tá wọn; irú oró bẹ́ẹ̀ lè di oògùn lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá wa gba àyè lọ́wọ́ Màmá, a sì mú díẹ̀ nínú kòkòrò ọgbẹ́ wọn. Èmi lọ bu ẹrẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀gbà tó ń hù létí omi, nítòsí ibi tí Màmá ń jókòó sí gan-an. Mo tẹ́ ẹ sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ tí oúnjẹ bakitéríà wà nínú wọn, tó dì bí ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò rí nǹkan kan àfi irú ohun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu.

Mo sunkún sọ fún Màmá nílé.

"Omi wo lo fi se oúnjẹ wọn?"

"Omi inú ike ni, Màmá, mo fi iyọ̀ sí i. Ìwé ní ká lo omi òkun, àmọ́ omi Youpwè yẹn dọ̀tí jù."

Wọ́n pòṣé. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé! Ẹja tí a gbé kúrò nínú omi rẹ̀, ṣé o rí i kó yè rí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbé bídọ́ọ̀nù, gun bẹ́ńsíkìn, lọ bu omi wọn fún wọn!"

Ta ló fi pàṣán kọ́ mi pé omi yẹn dọ̀tí? Mo gun alùpùpù bẹ́ńsíkìn kan lọ. Mo bu omi náà kún bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì ńlá náà, mo sẹ́ ẹ, mo fi se oúnjẹ tuntun, mo sì tẹ́ ẹrẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn nǹkan kéékèèké pupa rúsúrúsú hù jáde, bí hóró gàrí elépo. Mo fi wọ́n sáàárín kòkòrò ọgbẹ́ Màmá nínú abọ́ mìíràn. Ọjọ́ kejì ni dókítà gé ìka méjèèjì.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé abọ́ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná. Kòkòrò ọgbẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀ bí ìkùukùu, àfi ibi kan. Ní àyíká hóró kan ṣoṣo, òrùka kan mọ́ kedere, ohunkóhun kò lè súnmọ́ ọn. Orí mi wú. Ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn kò rí ṣe, hóró tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ṣe é.

"Mon Dieu," ni ọ̀gá wa ké pe Ọlọ́run. "Make nobody touch am." Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Màmá lè rìn, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wá síbi iṣẹ́ wa. A kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, nítorí náà mo gbé abọ́ tí a ti lẹ̀ pa náà sí ojú fèrèsé onígíláàsì fún wọn.

"Nínú ẹrẹ̀ tí mò ń fọ̀ dànù lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àmọ́ a ò tíì mọ̀ bóyá tuntun ni. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di oògùn, ó sì lè má dì í. Kò sì lè dá ìka yín padà."

Wọ́n tọ́ka sí òrùka náà.

"Ẹni tí ìka tiẹ̀ ṣì wà ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jí, bídọ́ọ̀nù omi Youpwè kan tí Màmá mú wá ti wà nínú ilé, lórí kápẹ́ẹ̀tì, tẹrẹ̀tẹrẹ̀.