Ìdánwò Kẹrin

Elétí-ehoro ni àwọn dókítà ń pe obìnrin náà nílé ìwòsàn níbi tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ohùn wọn nínú ẹ̀rọ, tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn aláìsàn. Nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ kan ní kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò: kó tẹ ohun tí dókítà kan sọ nínú ẹ̀rọ, láìgbowó. Ó ṣe é. Wọ́n ní kò yege, kó ṣe òmíràn. Ìkejì, ìkẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ti dé."

"Èmi? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ìdánwò kẹta ló ń dùn ún jù. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibẹ̀ pé abẹ́rẹ́ tí dókítà náà ní kí wọ́n fún ìyá kan tó ń ṣàìsàn, dókítà náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ara ìyá náà kọ̀ ọ́.

Ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí fún ìkẹrin. Dókítà kan náà ni. Bó ṣe sọ tirẹ̀ tán, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí ẹ kọ sísàlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gba ìyá yẹn là."

Elétí-ehoro yọ ẹ̀rọ létí, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ti gbà yín síṣẹ́?" àbúrò rẹ̀ bi í.

"Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ni wọn ò sọ fún."