Bisikíìtì Ọ̀gá

Ní gbogbo Tudun Wada ní Minna, èmi ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó jẹ bisikíìtì òyìnbó gbígbóná, èyí tí ooru iná ṣì wà lára ẹ̀. Mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi títí wọ́n fi ń tẹ̀lé mi kiri. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ajá ni wọ́n ṣe é fún, àti pé ńṣe ni mo jí i.

Kọ́, kọ́, kọ́. Mo ṣì ń gbọ́ ìró yẹn. Bàbá àgbà kan jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé wa, ó ń fi èékánná kan bisikíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igi ti gbẹ. Èyí tí kò bá dún, á dá a padà sínú iná. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti ń se oúnjẹ fún òyìnbó reluwé kan láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Kúkù. Nígbà táwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn padà sílùú wọn, ọ̀gá ẹ̀ náà lọ. Ó fi nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún un: garawa tó fi ń yan nǹkan, ìwé pélébé kan tí Màdáámù, ìyàwó òyìnbó náà, fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe bisikíìtì ajá, àti ajá náà fúnra ẹ̀.

Ajá yẹn ti darúgbó. Orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́ kò gba ẹnu mi, mo wá ń pè é ní Ọ̀gá, torí pé oúnjẹ ẹ̀ dáa ju tiwa lọ. Ìyàwó Bàbá ti kú, kò sì bímọ kankan sí Minna. Ọ̀gá nìkan ló kù tó máa ń dìde tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ẹ̀. "Mo ṣèlérí fún Màdáámù," ni Bàbá máa ń wí. "Ebi ò ní pa á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ ogbó ni yóò mú un lọ, kì í ṣe nǹkan míì."

Ọgbà wa ni Bàbá wá gba yàrá sí, àmọ́ onílé wa, Àlùfáà ará Ìlọrin, kò gba ajá láàyè níbẹ̀.

"Haba, Bàbá Kúkù! Níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá? Ẹ̀yin, mo gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ajá, wallahi, rárá."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Òun náà ló bá wa wá ahéré kan lódìkejì ojú irin, níbi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí tẹ́lẹ̀, kí Ọ̀gá lè máa gbé ibẹ̀. Orúnkún Bàbá ò sì dáa. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan, lẹ́yìn ìsìn, ló lè fi ọ̀pá tiro débẹ̀. Ọjọ́ yòókù, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ Ọ̀gá lọ.

Kí n tó gba iṣẹ́ yìí, Bàbá mú ìwé Màdáámù jáde. "Èmi ò mọ̀wé kà. Màdáámù ló kà á sí mi létí, gbogbo ẹ̀ sì wà lórí mi," ó ní, "àmọ́ orí arúgbó ti ń jò. Mo fẹ́ kí ẹlòmíì náà mọ̀ ọ́n. Ṣé o lè ka èdè òyìnbó?"

"Ha, Bàbá! Èmi kẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìdí igi máńgòrò ni kíláàsì mi wà nígbà yẹn. Gbogbo lẹ́tà tí mo mọ̀ ò ju mẹ́jọ lọ, orúkọ mi ló sì ní márùn-ún nínú ẹ̀. Mo gba ìwé yẹn, mo gbé e sójú, Ọlọ́run bá mi ṣe é, kò dojú dé. Mo ti rí ohun tí Bàbá kó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ìyẹn ni mo ń kà: "Ìyẹ̀fun ọkà bàbà. Omi eegun. Ẹ̀dọ̀. Ẹyin ẹtù." Nísàlẹ̀, ẹnì kan fa ìlà pupa méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Mo fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

"Kà á tán o. Àtohun tó yẹ, àtohun tó jẹ́ èèwọ̀."

"Mo ti kà á tán, Bàbá."

"O káre, Akọ̀wé." Láti ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé ni mò ń jẹ́ lẹ́nu ẹ̀.

Gbogbo Sátidé la máa ń ṣe é. Màá ti lọ tọrọ eegun lọ́dọ̀ àwọn alápatà Hausa, wọ́n á ní, "Kai, ọmọ ajá ti dé!" Bàbá á se eegun yẹn títí omi ẹ̀ á fi funfun bí wàrà. Á gún ẹ̀dọ̀ díẹ̀ nínú odó, á dà á sórí ìyẹ̀fun, á fọ́ ẹyin sí i, á wá máa pò ó. Ọwọ́ ẹ̀ kì í kánjú. Á fi ìgò yí i pẹrẹsẹ lórí pákó, èmi á sì fi ẹnu agolo mílíìkì gé e róbótó róbótó. Á tò wọ́n sínú garawa, á gbé e dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yinná, á da ẹ̀yinná míì sórí ẹ̀. Òórùn yẹn á gba gbogbo ọgbà, àwọn ọmọ Àlùfáà á máa dá itọ́ mì.

Mẹ́fà ló ń fún mi lójoojúmọ́ fún Ọ̀gá. Tí n bá fi máa dé ojú irin, ó ti ku mẹ́ta. Kò dùn o. Kò ní iyọ̀, kò ní nǹkan kan. Ìwà olè ló ń mú mi jẹ ẹ́.

Ní Sọ́ńdè kan, Bàbá fọwọ́ pa ìhà ajá ẹ̀. Eegun ló bá pàdé. Ó wo ẹnu mi, ó tún wo ilẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe ń parí, ó ní kí n lọ pọnmi wá. Nígbà tí mo dé, ó ti yan bisikíìtì pupa díẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ń ta sánsán bí ọbẹ̀. Bó ṣe di mẹ́sàn-án lójúmọ́ nìyẹn: funfun mẹ́fà, pupa mẹ́ta. Mo tọ́ pupa wò. Àlùbọ́sà díndín wà nínú ẹ̀. Ó dùn dé ìdí ahọ́n! Mo jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún jẹ funfun mẹ́ta lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ inú ahéré. Ọ̀gá ń gbọ̀n. Ó wá gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, orí yẹn fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Ojú tì mí. Ó ṣọ̀wọ́n kójú tó ti èmi, ẹ bi ìyá mi. Mo pinnu pé láti ọjọ́ yẹn, àwọn pupa tó dùn, Ọ̀gá ló ni wọ́n. Èmi á máa jẹ funfun mẹ́ta, bí ẹni ń jẹ páálí, láti fi jẹ ara mi níyà. Ìgbà yẹn nìkan ni mo ṣe dáadáa ní gbogbo ayé mi, mo sì ṣe é lójoojúmọ́, mi ò fo ọjọ́ kan.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá ò fi lè dìde mọ́. Ẹran ìdí eyín ẹ̀ funfun bí ẹfun. Ìtọ̀ ẹ̀ pupa bí omi ìṣápá. Bàbá ń tiro lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, orúnkún ẹ̀ wú bí ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kan, ó fa ìwé Màdáámù yọ.

"Akọ̀wé, jọ̀ọ́, tún un kà. Bóyá nǹkan kan wà tí mo gbàgbé. Yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n fàlà sí yẹn, kí ni wọ́n tún wí?"

Mo gbé ìka lé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ìlà pupa yẹn. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ẹnu mi ti ṣí láti sọ ọ́.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fún un lómi dáadáa, Bàbá."

Ó sì ń fún un lómi. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Ọ̀gá kú. Àlùfáà fi ṣọ́bìrì ẹ̀ ránṣẹ́ ká fi gbẹ́lẹ̀, òun náà wá dúró lókèèrè. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Sai haƙuri, ẹ ṣe sùúrù." Bàbá kó bisikíìtì tó kù sínú kòtò, ó tò wọ́n síbi ẹnu ajá.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ìyẹ̀fun pípò nìkan lọwọ́ mi mọ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá ló sì ti mọ̀ ọ́n. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti fi pàṣán kọ́ mi nígbà tí mo ti ń hu irùngbọ̀n. Tí wọ́n bá gbé ìwé òyìnbó lé mi lọ́wọ́, gbangba ni mo ń sọ ọ́: "Ẹ bá mi kà á, olódo ni mí." Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ.

Lẹ́yìn ikú Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí Bàbá ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo ru àpótí ẹ̀ dé ìdíkọ̀ reluwé. A jókòó ti ara wa, a ń retí ọkọ̀. Ẹnu mi ń yún mi.

"Bàbá, èmi ni mò ń jẹ bisikíìtì Ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ìdí ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe mẹ́ta kún un. Mo rò pé ebi ló ń pa ọ́. Mo fi àlùbọ́sà sí tìẹ kó lè dùn lẹ́nu ẹ." Ó fi ọ̀pá ha ilẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀ pé o ò ní fún ajá. O sáà ti kà á nínú ìwé Màdáámù, níbi tí wọ́n fàlà sí, pé àlùbọ́sà ń pa wọ́n."

Mo gbọ́ ohùn reluwé lọ́nà jíjìn.

"Bàbá," mo ní, "mi ò mọ̀wé kà. Àwọn pupa yẹn gan-an ni mò ń fún un."

Ó dìde, ó gbọn eruku ìdí ṣòkòtò ẹ̀. Kò pè mí ní Akọ̀wé mọ́.

"Ajá ti kú," ó ní. "Gbé àpótí sókè."