Orí Iṣu

Bí mo bá ń bẹ iṣu nílé mi ní Ìlọrin, ọwọ́ mi kì í lè ju orí rẹ̀ nù. Àbúrò bàbá mi ló fà á. Àgbẹ̀ ni ní Òkè-Onígbìn, oko rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, bí àwọn oníṣòwò bá gbé ọkọ̀ wá kó iṣu rẹ̀ lọ sí Èkó, á ní kí ará ìlú kọ́kọ́ rà ná.

“Ṣé kí aládùúgbò mi máa wá iṣu dé Òmù-Àrán, kí tèmi máa gun ọkọ̀ lọ?”

Ẹni tó bá sì ra iṣu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gé orí ẹ̀ dá padà. Àbúrò bàbá mi á gbin díẹ̀ nínú ẹ̀, á fi ìyókù fún ẹni tí kò ní èbù tí yóò gbìn. Ó dá ìyàwó olùkọ́ kan dúró lọ́jà lójú mi: “Ìyàwó, o ti jẹ ara, orí dà?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó bá se orí iṣu, ebi ọdún tó ń bọ̀ ló ń sè.”

Ó kú lẹ́ẹ̀rùn yìí. Nígbà tí a ti ibi sàréè dé, orí iṣu ti kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òmíràn nínú abọ́, òmíràn nínú ọ̀rá. Ìyàwó olùkọ́ náà ń gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

“Tiwọn ló kù lọ́wọ́ wa,” ló wí.

Opó àbúrò bàbá mi wo gbogbo àwa ọmọ tá a ti ìlú ńlá wá.

“Òjò ò ní í pẹ́ rọ̀,” ó ní. “Ta ni kí n gbé ọkọ́ bàbá yín fún?”