Séríì Tí Mo Gé Kúrú Nídìí Tábìlì Kajú

"Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ séríì létí àwọn ọmọ yín mọ́. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́ pẹ̀lú." Ìkìlọ̀ tí olùkọ́ kan ṣe fún àwa òbí nìyẹn ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi kékeré, níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ díẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ọmọ máa ń bà ni mí. Bí ọmọ mi bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ kó tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo rántí ohun kan. Mo ti ṣe ohun tí olùkọ́ yẹn ní ká ṣe rí, mo sì mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ìdí rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìkì láti kọ èyí.

Kajú ṣíṣà ní ilé-iṣẹ́ kan niṣẹ́ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà. Kí kajú tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti sè é, wọ́n ti fọ́ èèpo líle rẹ̀, wọ́n ti yan án, wọ́n sì ti bó awọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó. Ọmọ inú rẹ̀ funfun nìkan ló kù, òun la ń pè ní àmándì. Tiwa ni ká yà wọ́n sọ́tọ̀: odindi lọ́tọ̀, aláàbọ̀ lọ́tọ̀, èrún lọ́tọ̀, èyí tí iná ti pa lára lọ́tọ̀. Obìnrin méje la wà nídìí tábìlì wa, a dé fìlà funfun, a wọ ìbọ̀wọ́. Bí àmándì dúdú kan bá bọ́ sínú páálí odindi, ẹni tó ń rà á lókèèrè lè dá gbogbo páálí náà padà. Iṣẹ́ tí kò wúwo ni, ṣùgbọ́n oorun máa ń kun èèyàn nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, orí mi ti ń rọ̀ sílẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìyá Ganíyù, àgbà tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, tó máa ń gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, wá láti Bẹ̀sé láràárọ̀, fi ìgúnpá gún mi.

"Ìyàwó, ṣé o kàwé?"

"Mo ka díẹ̀, Ìyá. Mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"O gbọ́ Faransé nìyẹn. Ṣé tẹlifíṣọ̀n wà nílé yín?"

"Ó wà, Ìyá."

"Ó dáa. Níbí, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú ń ṣiṣẹ́. Etí nìkan ló jókòó lásán. Fún un níṣẹ́."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń sọ séríì, fíìmù alápá púpọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, nìyẹn. Mo máa ń wo apá kan ní ìrọ̀lẹ́, mo sì máa ń fi èdè wa sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti máa ń ṣe àwọn séríì yìí, wọ́n á wá fi Faransé bo ohùn wọn, débi pé ọ̀rọ̀ á ti tán, ẹnu á ṣì máa mì. Ṣẹ́ẹ̀fù Bíò, ọ̀gá tó ń bójú tó wa, kò bá wa jà. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: "Ẹnu yín lè lọ sí Amẹ́ríkà, ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí àwọn obìnrin yìí jẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń wo fíìmù, mi ò tíì rí ẹni tó gbọ́ ọ bíi tiwọn. Ràbí, tó kéré sí mi díẹ̀, máa ń wò ó nílé alábàágbé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Faransé. Ohun gbogbo ló ń rí, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Ganíyù ní tirẹ̀ kò rí àwòrán kankan rí. Síbẹ̀, nínú séríì kan, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni dókítà àti aṣọ́nà. Ó ní, "O ti sọ ọ́ nígbà méjì pé dókítà kì í jẹ ẹja. Lánàá o ní aṣọ́nà gbé ẹja jù sílẹ̀. Ọmú kan náà ni wọ́n mu." Gbogbo wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó oṣù kan kí séríì náà tó gbà pé òótọ́ ló sọ. Ṣẹ́ẹ̀fù Bíò gan-an wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ mi àgbà, Folákẹ́, dara pọ̀ mọ́ tábìlì wa nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò yege ìdánwò báàkì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ó sì fẹ́ tún un ṣe. Ó ń bá wa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó ń lọ síbi ẹ̀kọ́ láti aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń fi séríì ìgbà náà hàn. Nítorí náà, lẹ́nu mi nìkan ni Folákẹ́ ti ń gbọ́ ọ.

Séríì náà dá lórí ọmọbìnrin abúlé kan, àwọn ará tábìlì sọ ọ́ ní Arẹwà. Obìnrin kan tó ń lo awò ojú, tí a pè ní Màdáàmù Aláwòójú, wá mú un lọ sí ìlú ńlá, ó ní òun á fún un níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, nǹkan bàjẹ́. Èmi wo ọmọ mi, mo wo ohun tó yẹ kí n sọ, ojú tì mí. Mo rò pé ohun tí ọmọ kò bá gbọ́ kò lè ṣe é ní ibi.

Ohun mẹ́ta ni mo yí padà, mo sì lè kà wọ́n. Nígbà tí Màdáàmù ti ilẹ̀kùn mọ́ Arẹwà, mo ní ó fún un ní yàrá tirẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ láìkan ilẹ̀kùn, mo fo ọkùnrin náà pátápátá. Nídìí tábìlì wa, a kò bí i. Nígbà tí Arẹwà sì ń sunkún, mo ní inú rẹ̀ ń dùn.

Àmọ́ Ràbí ní ojú.

"Ìyá Folákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo rí omi lójú Arẹwà lánàá."

"Omijé ayọ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì: "Omi yẹn ṣì ń dà o."

"Ayọ̀ náà ló pọ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Ìyá Ganíyù dá sí i. "Omijé ayọ̀ ọjọ́ mẹ́rin? Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́jọ, mi ò sunkún ayọ̀ kọjá àárọ̀ kan." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣà, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì. "Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti lọ, o ò tíì sọ fún wa pé ó pe ìyá rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?"

Ó ti rí ihò náà. Nínú ohun tí n kò sọ ló ti rí i. Mo dáhùn pé tẹlifóònù kì í mú dáadáa lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n."

Oṣù méjì ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Folákẹ́ nu ọwọ́, ó gbé orí sókè.

"Màámi, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan lójú gbogbo wọn, torí bí mo bá sọ ọ́ nílé, ẹ̀rù ló máa kàn bà yín. Màdáàmù kan wà ní àdúgbò Plateau níbí tó ń wá ọmọbìnrin tó máa tọ́jú arúgbó nílẹ̀ Lárúbáwá. Ó ti rí mi, ó ní mo dára fún un. Oṣù tó ń bọ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Bíi ti Arẹwà gẹ́lẹ́. Èmi náà á ní yàrá tèmi."

"Olúwa ṣé o!" Ràbí fi ìbọ̀wọ́ pàtẹ́wọ́. "Arẹwà Ṣábẹ̀ẹ́! Má gbàgbé wa tó o bá débẹ̀ o!"

Mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe mọ́. Ohùn Ṣẹ́ẹ̀fù Bíò ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. "Ìyá Folákẹ́, àmándì dúdú mẹ́ta lẹ jù sínú odindi." Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, kò bá mi sọ irú rẹ̀ rí.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. "Irọ́ ni."

"Irọ́ kọ́ o, ẹ wò wọ́n."

"Kì í ṣe àmándì, Ṣẹ́ẹ̀fù. Séríì náà ni. Mo purọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti gé e, mo sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, ọkùnrin náà. Ràbí ló kọ́kọ́ lanu. "Ọkùnrin yẹn! Mo máa ń rí i! Mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni! Omijé ayọ̀! Ìyá Folákẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìyẹn kò dùn mí tó ti Folákẹ́. Kò pariwo. Ó ní, "Màámi, oṣù méjì lẹ fi purọ́ fún mi kí ọkàn yín lè balẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ mìíràn lẹ ń pa báyìí, kí n má baà lọ?"

Ọmọ mi fẹ́ rìnrìn-àjò sí ibi tí n kò lè dé, ẹnu tí mo fẹ́ fi kìlọ̀ fún un, èmi fúnra mi ni mo bà á jẹ́.

Ìyá Ganíyù ló gbà mí. "Folákẹ́, lónìí o ò ní lọ síbi ẹ̀kọ́. Gbogbo wa ń bọ̀ nílé yín. Ìwọ lo máa túmọ̀ fún wa. Ìyá rẹ kò ní sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan."

Aago mẹ́rin la ṣíwọ́. Ní aago márùn-ún, ẹni mẹ́fà ti jókòó sórí ẹní nínú yàrá mi, Folákẹ́ ṣe ìkeje. Ìyá Ganíyù sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ́kípẹ́kí. "Èwo ni Arẹwà níbẹ̀?" Folákẹ́ tọ́ka sí i. Ìyá wò ó títí. "Áà. Ó kéré sí bí mo ṣe rò ó."

Folákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà wọlé, mo dìde láti pa tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Ganíyù gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, mo tún jókòó.

"Màdáàmù ní ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun," ni Folákẹ́ wí. "Ó ní… ó ní ta ló mọ̀ pé ó wà níbí?"

"Kí ló tún sọ?" ni Ràbí béèrè.

Folákẹ́ kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, èmi ló ń wò. "Ó ní kò sí ẹni tó máa wá a."

Nígbà tó parí, mo rò pé wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bú Arẹwà pé òmùgọ̀ ni. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń tú u wò bí ẹni ń ṣa kajú: níbo ló yẹ kí ó ti béèrè ọ̀rọ̀, ta ló yẹ kí ó ti bá a béèrè? Ìyá Ganíyù ní, "Ewúrẹ́ lásán, bí a bá fẹ́ tà á, a ń béèrè ilé tó ń lọ. Ẹnì kan kò béèrè ilé tí ọmọ yìí ń lọ." Folákẹ́ lọ mú ìwé àti bíìkì fúnra rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló kọ. Ilé wo gan-an ni, ta ló ni ín? Lọ́wọ́ ta ni ìwé ìrìnnà máa wà? Ǹjẹ́ a lè bá ẹni tó ti lọ ṣáájú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù báyìí?

Ní ọjọ́ Sátidé, òun, èmi àti Ìyá Ganíyù lọ sí Plateau. Màdáàmù náà kí wa dáadáa, ó fún wa lómi. Kò sí ohun burúkú kan lójú rẹ̀. Folákẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ti ilé, obìnrin náà ní a máa mọ̀ ọ́n tí àkókò bá tó. Ti ìwé ìrìnnà, ó ní àwọn tó gbà á síṣẹ́ á bá a tọ́jú rẹ̀ kó má baà sọnù. Ti tẹlifóònù, ó yíjú sí èmi. "Ìyá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo wo Folákẹ́.

"Ẹ má bínú, Mà," ni Folákẹ́ wí. "Ẹni tó ti lọ ṣáájú nìkan la fẹ́ kí."

"Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé tẹlifóònù."

Folákẹ́ ká ìwé rẹ̀. "Ẹ ṣé, Mà. Mi ò ní lọ."

Mi ò mọ̀ bóyá ènìyàn burúkú ni obìnrin náà, mi ò sì ní fi ẹ̀sùn kàn án. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ìbéèrè mẹ́ta la bi í, kò sì sí ìdáhùn kan nínú rẹ̀ tí ìyá lè gbé sùn. Folákẹ́ bá wa rìn padà títí a fi kọjá ojú irin. Ibẹ̀ ló ti ní, "Màámi, ẹ má tún gé nǹkan kúrò fún mi mọ́."

"Mo gbọ́," ni mo wí.

Òun ló ń sọ séríì nídìí tábìlì nísinsìnyìí, láwọn ọjọ́ tí kò bá sí ẹ̀kọ́. Séríì tuntun kan ń bọ̀, ìpolówó rẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì fi hàn, àwọn obìnrin mi sì ti ń jà lórí ẹni tó jí ọmọ gbé nínú rẹ̀. Ìyá Ganíyù ti dárúkọ olè náà. Ṣẹ́ẹ̀fù Bíò ní òun kò ní bá a jiyàn.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ jókòó ti ọmọ yín níbi tó ti ń wo séríì. Bí kò bá sí nílé nígbà tí wọ́n fi hàn, tó sì béèrè bó ṣe lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún un tán.