Ọwọ́ Òsì Susannah Tí Mo Fi Àkísà So

Ọwọ́ òsì Susannah ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àkọ́bí mi ni. Lọ́dún 1954, nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, kò sí orin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀ lórí, ṣùgbọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ wò, ó parí! Lẹ́tà tó kọjú sọ́tùn-ún, òsì ni yóò kọjú ẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tó kà láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, bí ẹni pé kò rí i rí. Tíṣà Akínwándé ní bí kò bá lè kàwé nígbà ìdánwò ìparí ọdún, kó máa lọ sílé. Ọmọ tó fẹ́ràn ilé ìwé ju oúnjẹ lọ!

Òsì ló fi ń kọ̀wé, ni mo bá fi àkísà so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára. Odidi oṣù méjì o. Ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé títí, lẹ́tà ṣì ń yí sódì.

Lọ́jọ́ kan, Gbádé ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé, ó bá a tó ń sunkún lórí síléètì.

"Ìyá Susannah, tú ọwọ́ ọmọ yẹn. Ara mi ló ti mú àìlèkàwé yìí."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí ìwé orin ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi?"

"Mo máa ń ṣí i. Ta ló sọ fún ọ pé mò ń kà á? Adétóyè àbúrò mi náà, bákan náà ni."

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún tún gbọ̀n mí. Ọdún mẹ́tàlá nínú ilé kan ṣoṣo, n kò sì mọ̀!

Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọmọ dé ilé ìwé.

"Tíṣà, èmi náà ò lè kàwé. Ṣé orí mi ò pé ni? Ẹ fẹnu bi í ní ìbéèrè."

Tíṣà bi í ní ìṣirò, ó bi í ní ìtàn. Susannah dáhùn gbogbo ẹ̀, kò tiẹ̀ mí.

"Bàbá Susannah, ẹ má bínú, ọ̀lẹ ni mo pè é."

Ẹnu ni wọ́n fi dán an wò lọ́dún yẹn, wọn kò sì lé e lọ sílé. Tíṣà wá ń jẹ́ kó fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn, kó máa pè é sókè, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lórí.

Ọ̀rọ̀ náà ò sí lọ́wọ́ òsì rárá. Bó ṣe jogún imú bàbá rẹ̀ náà ló ṣe jogún èyí. Lónìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nítòsí rélùwéè. Òsì ló fi ń gé aṣọ, ẹ wá wo bó ṣe ń dúró lára ènìyàn! Tó bá ń kàwé, díẹ̀díẹ̀ ni, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e.

Gbádé ńkọ́? Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó lọ bá tíṣà ni kò ti gbé ìwé orin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ ló ń ròkè jù nínú orin.